Énsáìmù inú omi fùfú tí kò gba orúkọ tí kọ̀ǹpútà fún un

Inú omi fùfú la ti rí bakitéríà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ìyá kan tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù ní ẹ̀yìnkùlé kan nítòsí Bódìjà ló jẹ́ ká bu díẹ̀ nínú omi náà, nígbà tó ti ń yọ ìfófòó, tí òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo àgbàlá. Akẹ́kọ̀ọ́ wa obìnrin kan tó ń ṣe másítà ló ya bakitéríà náà sọ́tọ̀. Lactiplantibacillus plantarum ni. Títí di 2020, Lactobacillus plantarum ni àwọn ìwé ń pè é, kò sì sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí fùfú tàbí ògì rí tí kò bá a pàdé.

A fi DNA rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n bá wa kà á. Èsì tó padà dé jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta jíìnì, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe àwọn purotéènì rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ti kọ iṣẹ́ tó rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló kàn kọ sí pé iṣẹ́ wọn kò yé òun. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. E. coli pàápàá, bakitéríà inú ìfun tí wọ́n ti ń yẹ̀ wò láti 1885, nǹkan bí ìdámẹ́ta jíìnì rẹ̀ ni kò tíì sí àyẹ̀wò gidi kan tó fìdí iṣẹ́ wọn múlẹ̀. Àmọ́ jíìnì kan wà nínú tiwa tí wọ́n kọ sí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ beta-glucosidase, ìyẹn énsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá) tó máa ń gé gúlúkóòsì kúrò lára ohun tó bá so mọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi énsáìmù yẹn sínú túùbù wò rí. Kọ̀ǹpútà rí i pé ó jọ òmíràn ni, òmíràn ọ̀hún náà sì gba orúkọ tirẹ̀ torí pé ó jọ ẹlòmíràn.

Ohun tó mú kó wọ̀ wá lójú ni oró inú ẹ̀gẹ́. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù tó ń jẹ́ linamarin: gúlúkóòsì kan ni, tó so mọ́ ohun tó lè di sáyánáìdì. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá ṣì wà ní odidi, kò sí ewu, torí inú àpò omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni linamarin ń gbé, énsáìmù tó lè gé e, linamarase, sì wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì níta. Ìgbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tàbí tó bá rà sínú omi, làwọn méjèèjì tó máa pàdé. Linamarase á gé gúlúkóòsì kúrò. Bí omi náà kò bá tíì kan ju bó ṣe yẹ lọ, tí pH rẹ̀ ṣì ju 5 lọ, ohun tó kù á tú ká fúnra rẹ̀, sáyánáìdì á sì jáde. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 Celsius ni sáyánáìdì yìí ti ń hó. Ọ̀sán Ìbàdàn gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ìbàdàn ní ìtàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Ní UCH níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960 lórí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọn kò lè rìn gaara mọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Wọ́n wo oúnjẹ àwọn aláìsàn wọ̀nyí, wọ́n sì so àìsàn náà mọ́ sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Òfin oúnjẹ àgbáyé ti Codex sọ pé sáyánáìdì inú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 10 nínú kílò kan lọ. Torí náà, bí bakitéríà inú fùfú bá ní énsáìmù tirẹ̀ tó ń gé linamarin, èèyàn lè dìídì mú irú bẹ́ẹ̀ sọ sínú dúrọ́ọ̀mù kó lè bá ẹ̀gẹ́ ṣiṣẹ́. Àbá tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ sílẹ̀ nìyẹn: jíìnì yìí ni linamarase bakitéríà náà.

Bí a ṣe gbé jíìnì náà sínú E. coli kò ní ìtàn púpọ̀ nínú. A fi PCR, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe àdàkọ DNA, sọ ọ́ di púpọ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ plasmid, òrùka DNA kékeré tó ń gbé jíìnì wọ inú bakitéríà, a so histidine mẹ́fà mọ́ ìdí purotéènì rẹ̀ kí nickel lè dì í mú, a bu IPTG sí i kí E. coli lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì náà. Iná ìjọba ṣe bó ṣe máa ń ṣe, àwa náà bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí a tẹ́ purotéènì náà sórí gel, tó ń ya purotéènì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n wọn, ìlà kan ṣoṣo ló yọ, ó sì wà níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́, nítòsí 55 kDa. Ó yọ́ sínú omi dáadáa, kò dì pọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ojú rere nìyẹn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fún énsáìmù ní iṣẹ́ ṣe. Kẹ́míkà tí a fi ń dán irú énsáìmù yìí wò ni pNPG, gúlúkóòsì tí wọ́n so nitrophenol mọ́. Kò ní àwọ̀ rárá. Bí énsáìmù bá gé e, nitrophenol á dá dúró, bí a bá sì ti kán sodium carbonate sí i, á di yẹ́lò tí ojú lè rí kí ẹ̀rọ tó kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ wa to wọn sínú àwo oníhò 96 náà: ihò tí kò ní énsáìmù kankan, ihò tí énsáìmù álímọ́ǹdì tí a rà wà nínú rẹ̀, ihò tiwa. Ó kán carbonate sí wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ti álímọ́ǹdì pọ́n yẹ́lò bí ìkán náà ṣe ń bọ́ sínú rẹ̀. Tiwa dá bí omi òjò. Ó kán òmíràn sí i, ó gbé àwo náà sókè sí fèrèsé, ó dà á sí ọ̀tún, ó dà á sí òsì. Kò sí nǹkan kan.

Ó tún fi linamarin gangan dán an wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á rẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú picrate, wọ́n á fi kọ́ sábẹ́ ìdérí ìgò kékeré kí ó má kan omi inú rẹ̀, wọ́n á sì dé e pa. Bí sáyánáìdì bá jáde, bébà yẹ́lò yẹn á di pupa rúsúrúsú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bébà tó wà lókè omi tí a fún lára èèpo ẹ̀gẹ́ ti pọ́n dé òkè. Ti énsáìmù wa ṣì jẹ́ yẹ́lò bí a ṣe fi í sílẹ̀. Kí n tó gbàgbé, ẹni tó bá ní ìgò picric acid tó ti gbẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, kó má sì gbìyànjú láti ṣí i. Ó lè bú gbàmù.

Ohun tí gbogbo ilé ń sọ ni pé purotéènì náà ti kú. Ẹnìkan ní bóyá histidine tí a so mọ́ ọn ló dí i lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní ká yí pH padà, ká bu manganese sí i, ká gbé e sínú ooru. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe gbogbo rẹ̀. Ní tèmi, mo rò pé ọ̀rọ̀ “ó ti kú” ń yá lẹ́nu jù ní láàbù. Purotéènì tó yọ́ sínú omi, tó sì dá dúró sójú ìlà rẹ̀ lórí gel, ó yẹ kí ẹ̀rí wà ká tó kéde ikú rẹ̀. Wọ́n tún gbé e sínú AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ìrísí purotéènì tẹ́lẹ̀, ìrísí tó jáde sì dára gan-an, àgbá tí ẹbí énsáìmù GH1, tí tiwa wà nínú rẹ̀, ń ní, kò sí ibì kan tó wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni AlphaFold ṣe, n kò jiyàn. Láti 2022 ni ìrísí purotéènì tó lé ní igba mílíọ̀nù ti wà nínú àkójọ rẹ̀, Hassabis àti Jumper sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2024. Ṣùgbọ́n ìrísí ló ń fúnni. Énsáìmù méjì lè jọra délẹ̀délẹ̀ kí ohun tí wọ́n ń gé má jọra.

Bàbá kan wà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tí wọ́n ṣì máa ń yà bá wa kí wọ́n tó lọ sí ìpàdé wọn. Wọ́n bá ọmọ náà níbi tó jókòó sí, tó fọwọ́ lẹ́rán.

“Ẹ káàsán, sà. Énsáìmù yìí ti kú, sà.”

“Ta ló sin ín? Àwọn wo ló ń bá a gbélé?”

Kò kọ́kọ́ yé e. Àwọn jíìnì tó wà lọ́tùn-ún lósì tirẹ̀ lórí DNA ni Bàbá ń béèrè. Láti ìgbà Jacob àti Monod, àwọn onímọ̀ ará Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ni àwọn èèyàn ti mọ̀ pé bakitéríà fẹ́ràn láti to àwọn jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà tẹ̀ léra, kí ó lè tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ náà ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èyí tó wà níwájú jẹ́ irú BglG, tó ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa ka àwọn tó tẹ̀ lé e. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà wọlé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní PTS. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Ìpàdé ọjọ́ náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àlàyé wọn lọ báyìí. Ní 1964, Kundig, Ghosh àti Roseman rí i pé àwọn ṣúgà kan wà tí bakitéríà kì í mú wọlé lásán. Bí ṣúgà bá ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà PTS kọjá, wọ́n á ti lẹ fọ́sífétì mọ́ káríbọ́ọ̀nù kẹfà rẹ̀, láti ara ohun kan tó ń jẹ́ PEP. Nígbà tó bá fi dé inú sẹ́ẹ̀lì, ó ti ní fọ́sífétì lára, kò sì lè padà jáde. Ìyẹn ni pé énsáìmù tó ń dúró de ṣúgà bẹ́ẹ̀ nínú ilé kò fojú kan èyí tí kò ní fọ́sífétì rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. pNPG tí a ń gbé síwájú tiwa kò sì ní.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, Bàbá sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Staphylococcus aureus máa ń lo ṣúgà wàrà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láti wá énsáìmù tó ń gé e, iṣẹ́ náà á pòórá. Ní 1967 ni Kennedy àti Scarborough fi hàn pé àfi kí PTS kọ́kọ́ lẹ fọ́sífétì mọ́ ọn kí énsáìmù tó lè gé e. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fọ́ kò ní PEP mọ́, kò sì sí ohun tí énsáìmù máa gé.

Nígbà tí ọmọ náà padà sí ìlà amino acid (ẹyọ kéékèèké tí wọ́n fi mọ purotéènì) énsáìmù wa, ó rí ohun tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ti sọ fún wa. Nínú àwọn GH1 tó ń gé ṣúgà oní-fọ́sífétì, bí irú èyí tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ láti ara Lactococcus lactis ní àwọn ọdún 1990, amino acid mẹ́ta kan wà nítòsí ìdí purotéènì tó ń di fọ́sífétì mú: serine kan, lysine kan, tyrosine kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú tiwa. Ẹni tó ṣe ètò tó fún jíìnì náà lórúkọ wo bí odidi purotéènì ṣe jọra, kò yà sí ibi mẹ́ta yẹn.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e kò wọ́n rárá, ohun tí Bàbá ń ṣe nígbà èwe wọn ni. Ọmọ náà gbin L. plantarum sínú omi oúnjẹ tó ní salicin, gúlúkóòsì kan tó so mọ́ nǹkan míì, kí bakitéríà lè ṣí ẹnu ọ̀nà náà. Ó fọ àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó kán toluene díẹ̀ sí wọn kí awọ ara wọn lè lu, kí ohun kéékèèké lè máa wọlé kó máa jáde. Ó bu sodium fluoride sí i kí àwọn sẹ́ẹ̀lì má lè dá PEP tiwọn ṣe. Lẹ́yìn náà, pNPG. Ó pín in sí mẹ́ta: èkíní kò gba nǹkan kan, èkejì gba ATP (ohun míì tó ń gbé fọ́sífétì nínú sẹ́ẹ̀lì), ẹ̀kẹta gba PEP. Èkíní dá. Èkejì dá. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ariwo sọ. Bàbá nìkan ni kò bá wa yọ̀. “Sẹ́ẹ̀lì ló sọ̀rọ̀ yìí. Énsáìmù yín kò tíì la ẹnu.” Òótọ́ sì ni. L. plantarum kan lè ní ọ̀pọ̀ jíìnì tó dà bí eléyìí. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè jẹ́ pé ó gé pNPG inú túùbù kẹta.

A nílò pNPG tí wọ́n ti lẹ fọ́sífétì mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ń tà lókè òkun, iye tí wọ́n ń tà á kò ṣeé fi bá ẹni jẹun. Ẹnìkan tí ọ̀gá wa mọ̀ ló fi díẹ̀ ránṣẹ́, inú yìnyín ló gbà dé. Eruku funfun kékeré kan ni, ìsàlẹ̀ ìgò nìkan ló bò. Àwo oníhò 96 kan náà, énsáìmù kan náà tí wọ́n ní ó ti kú. Kí ọwọ́ ọmọ náà tó kúrò lórí ihò tó kán carbonate sí gbẹ̀yìn, ti àkọ́kọ́ ti pọ́n. Èyí tó ní galactose oní-fọ́sífétì dípò gúlúkóòsì kò pọ́n. pNPG lásán kò pọ́n.

Ọ̀gá wa gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ níbẹ̀, èyí tí mo rò pé òun gan-an ló sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́. E. coli tí a fi ṣe purotéènì náà ní irú énsáìmù yìí tirẹ̀, BglA. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ pé díẹ̀ nínú BglA ló tẹ̀ lé tiwa jáde láti inú nickel? Ọ̀nà tí a fi dáhùn ni pé a yí amino acid glutamate kan padà, ọ̀kan nínú méjì tí ẹbí GH1 fi ń gé nǹkan, a sọ ọ́ di glutamine. A ṣe purotéènì tuntun náà nínú E. coli kan náà, a fọ̀ ọ́ lọ́nà kan náà, a wọn iye kan náà. Kò sí yẹ́lò. Ká ní BglA ló ń ṣiṣẹ́ ni, yóò ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó bá wa mu míńráàlì.

Ó ku linamarin, torí ẹnìkan lè sọ pé bóyá PTS ń lẹ fọ́sífétì mọ́ òun náà. A gbé sẹ́ẹ̀lì tí toluene ti lu pẹ̀lú linamarin sínú ìgò abẹ́ bébà picrate, ọ̀kan pẹ̀lú PEP, ọ̀kan láìsí i. Bébà méjèèjì pọ́n díẹ̀, ìwọ̀n kan náà. PEP kò fi nǹkan kan kún un. Énsáìmù wa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ bakitéríà yìí ní òmíràn tó ń gé linamarin lásán, tí fọ́sífétì kò kàn.

Nígbà tí a padà lọ bu omi míì, ìyá onífùfú béèrè bóyá a ti rí èyí tó ń yọ oró ẹ̀gẹ́ fún wọn.

“A ti rí èyí tí kì í ṣe òun, mà.”

“Ẹ máa wá a lọ, ọmọ mi. Ẹ̀gẹ́ tèmi ò ní kúrò nínú omi títí á fi pé ọjọ́ mẹ́rin.”

Kò sí irọ́ nínú ohun tí ìyá sọ. Linamarase tí ẹ̀gẹ́ bí mọ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ohun tó sì ń jẹ́ kó rí linamarin gé ni kí ẹ̀gẹ́ rà dáadáa sínú omi. Ẹni tó bá ń kánjú yọ ọ́ ló ń ṣe ara rẹ̀.

A ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú àkójọ àwọn jíìnì pé kí wọ́n yí orúkọ jíìnì náà padà sí 6-phospho-beta-glucosidase. Ṣúgà tó ń dúró dè gan-an nínú ayé rẹ̀ kò tíì dá wa lójú. Salicin ló tan jíìnì náà, ṣùgbọ́n salicin kò sí nínú ẹ̀gẹ́, torí náà cellobiose, gúlúkóòsì méjì tó so pọ̀, ni ọmọ náà ń wò báyìí. Ní ti linamarin, ó ti tún gbogbo beta-glucosidase inú àkọsílẹ̀ bakitéríà náà yẹ̀ wò. Àwọn tí PTS wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló kọ́kọ́ pa rẹ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò pọ̀, ó sì ti ní kí wọ́n ṣe primer (ègé DNA kékeré tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀) ti àkọ́kọ́ nínú wọn.